Bí ìjọba bá gbé kíkó ìdọ̀tí ìlú lé aládàáni lọ́wọ́, ṣé wọ́n ti tà wá nìyẹn?

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi pé: «Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò wa. Ní oṣù tó kọjá, ìjọba ìbílẹ̀ pè wá sí ìpàdé, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé iṣẹ́ kíkó ìdọ̀tí gbogbo ìlú lé ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ṣoṣo lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́wàá. Wọ́n ní àjọṣepọ̀ ni, pé kò ní ná ìjọba ní kọ́bọ̀, ilé kọ̀ọ̀kan ni yóò máa san owó lóṣooṣù. Àwọn kan nínú wa ní kí a sáà gbà á, nítorí ìdọ̀tí ti fẹ́ lé wa kúrò nílé. Àwọn kan ní títà ni wọ́n fẹ́ ta ìlú. Wọ́n sì fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa fọwọ́ sí ìwé pé a tẹ́wọ́ gbà á. Kí ni kí a ṣe?»

Akọ̀wé wa, ẹ kú làálàá àdúgbò. Mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú gègé, nítorí ẹ̀rù méjì ló wà nínú rẹ̀, bí a bá sì pò wọ́n pọ̀, a kò ní rí ọ̀kankan yanjú nínú wọn. Ẹ̀rù kìíní ni pé ìjọba fẹ́ fi ohun tó jẹ́ ti gbogbo ìlú ṣòwò. Ẹ̀rù kejì ni pé bí ẹ bá kọ̀, òkìtì tó wà lẹ́yìn ọjà yín yóò máa ga sí i títí òjò yóò fi wọ́ ọ sínú gọ́tà, tí gọ́tà yóò sì da omi sínú ilé àwọn èèyàn. Kò sí èyí tí mo lè pè ní ẹ̀rù ojo nínú méjèèjì. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ọ́fíìsì ìjọba ni mo ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí mo ti ń bá wọn kọ ìwé àdéhùn. Lẹ́yìn náà mo bá ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ní ọkọ̀ mẹ́ta ṣiṣẹ́. Ní báyìí, àwọn ìlú àti ẹgbẹ́ bíi tiyín ni mo ń gbà nímọ̀ràn. Mo ti jẹ́ ẹni tó ń gbé iṣẹ́ jáde, mo sì ti jẹ́ ẹni tó ń gba iṣẹ́ ṣe, ohun tí ojú mi rí níbi méjèèjì ni mo fẹ́ fi dá yín lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ títà kúrò nílẹ̀. Ẹni tó fi ewúrẹ́ fún aládùúgbò rẹ̀ sìn kò ta ewúrẹ́ náà. Wọn á ti jọ sọ ọ́ pé bí ó bá bímọ, báyìí la ó ṣe pín in. Ẹni tó ń sìn ín ni yóò máa já ewé fún un, òun ni yóò máa so ó mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò bá ṣú, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹlẹ́ran bá ní òun fẹ́ fojú kan ẹran òun, kò sẹ́ni tó lè dí i lọ́nà. Bí àjọṣepọ̀ ìjọba àti aládàáni ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà tí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ. Ìjọba ló ni iṣẹ́. Aládàáni ń bá a ṣe é fún iye ọdún tí wọ́n dá, ní iye owó tí wọ́n jọ sọ, ọdún á sì pé, yóò dá a padà. Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka kíkó ìdọ̀tí dànù mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ lè wá ẹni tí yóò bá a ru ẹrù yìí, ṣùgbọ́n kò lè torí ìyẹn sọ pé ẹrù náà ti kúrò lórí òun. Bí ọkọ̀ kò bá wọ àdúgbò yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, alága ni kí ẹ wá lọ, ẹ fi awakọ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá bi mí pé ṣé wọ́n ti ta ìlú, n ó ní rárá. Ohun tó yẹ kí ẹ máa bi wọ́n ni pé bí ewúrẹ́ náà bá kú sọ́wọ́ ẹni tó ń sìn ín ńkọ́, ta ló pàdánù? Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn tó ti kọjá lọ́wọ́ mi kò dáhùn ìbéèrè yìí rárá. Àwọn tó dáhùn rẹ̀ sì tì í sí ojúewé tó kẹ́yìn pátápátá, níbi tí ojú ti máa ń rẹ àwọn tó ń kà á.

Gbólóhùn tó bà mí lẹ́rù jù nínú ìwé yín ni pé «kò ní ná ìjọba ní kọ́bọ̀». Aládàáni kì í ṣe ọlọ́rẹ. Báńkì ló ti yá owó tó fi ra ọkọ̀, èlé sì ń gun owó náà lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá. Àpò méjì péré ni owó yìí ti lè jáde padà: àpò ẹ̀yin tí ẹ ó máa san án lóṣooṣù, tàbí àpò ìjọba, tí í ṣe owó yín kan náà tó gba ọ̀nà mìíràn. Ohun tí aládàáni ń mú wá ni pé ó lè tètè rí owó ńlá kó jọ, àti pé bí wọ́n bá kọ àdéhùn náà dáadáa, kò ní rí owó rẹ̀ gbà bí kò bá ṣiṣẹ́. Àǹfààní gidi ni, n kò fojú kéré rẹ̀, torí mo ti bá ìjọba tó ní ọkọ̀ ìdọ̀tí ogún tí mẹ́rìnlá nínú wọn dúró lórí búlọ́ọ̀kù, tí gbogbo òṣìṣẹ́ sì ń gba owó oṣù wọn déédéé. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní ọ̀fẹ́. Ẹ wo ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ní Èkó. Ní 2006, ìjọba ìpínlẹ̀ bá ilé-iṣẹ́ kan ṣe àdéhùn ọgbọ̀n ọdún pé kó tún ọ̀nà náà ṣe, kó fẹ̀ ẹ́, bíi kìlómítà 49, kó sì máa gba owó rẹ̀ padà ní tólígéètì. Nígbà tí owó gbígbà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2011, àwọn ará àdúgbò tú jáde, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn. Kò pé ọdún méjì sígbà náà, ní 2013, tí ìjọba fúnra rẹ̀ fi owó ìlú ra ẹ̀tọ́ náà padà lọ́wọ́ àwọn tó dókòwò sí i. Ọ̀nà náà dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá kò lè sẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n owó ìlú tí wọ́n sọ pé kò ní jáde ti jáde. Nítorí náà, nínú ìwé tiyín, ẹ wá ọ̀rọ̀ onígbọ̀wọ́. Bí ìjọba bá ṣe onígbọ̀wọ́ fún gbèsè aládàáni, tàbí tó ṣèlérí pé bí owó tí aráàlú san kò bá pé, òun yóò fi kún un, a jẹ́ pé kọ́bọ̀ náà wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọn yóò béèrè rẹ̀ ni kò tíì pé.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín gun ọkọ̀ ìdọ̀tí fún ọjọ́ kan, torí ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí ìwé kò kọ́ mi. Nígbà òjò kan, mo bá àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kékeré tí mo mẹ́nu bà lókè jáde ní aago márùn-ún ìdájí. Ìrìn méjì la kọ sínú ìwé ọjọ́ náà. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ọkọ̀ ti kún dé ẹnu. Bí a ṣe yà sí ọ̀nà ààtàn ìjọba, ọkọ̀ mẹ́rìnlélógún la bá lórí ìlà níwájú wa. Òjò ti sọ ojú ọ̀nà inú ààtàn di ẹrẹ̀, katakata kan ṣoṣo tó ń ti ìdọ̀tí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọkọ̀ lè ráyè dà á ti bàjẹ́ láti àná. Awakọ̀ wa pa ẹ́ńjìnnì, ó gbé orí lé síárín, ó sùn. Omi dúdú ń kán tótó láti ìdí ọkọ̀ sójú títì. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tó ń gun ẹ̀yìn ọkọ̀ jókòó sábẹ́ igi kan, wọ́n sá ìbọ̀wọ́ wọn sórí òkúta, wọ́n ń fi búrẹ́dì jẹ ẹ̀wà nínú ọ̀rá. Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lù kí a tó rí ìdọ̀tí yẹn dà. Ìrìn kejì kò ṣeé ṣe mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá kan láti àdúgbò tó wà nínú ìrìn kejì pè wá lórí fóònù, ó ní olè ni wá, a gba owó òun, a fi ìdọ̀tí òun sílẹ̀ fún ajá. Òótọ́ ló sọ ní tirẹ̀, ó sanwó, a kò wá. Kò mọ nǹkan kan nípa katakata, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kó mọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ nìyí. Ìdajì iṣẹ́ kíkó ìdọ̀tí kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o. Ààtàn jẹ́ ti ìjọba, ọ̀nà tó lọ sí ààtàn jẹ́ ti ìjọba, ìjọba ló lágbára láti mú ẹni tó da ilẹ̀ sí gọ́tà lóru. Àdéhùn tí àwa ń lò nígbà náà ka iye ilé tí aládàáni gbọ́dọ̀ dé lọ́sẹ̀, ó sì sọ owó ìtanràn tí yóò san bí kò bá dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí gbólóhùn kan ṣoṣo nínú rẹ̀ nípa iye wákàtí tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lò lórí ìlà ààtàn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀bi gbogbo ṣe ń já sí apá kan. Ní Olúsosùn ní Ọjọ́ta, ààtàn tí wọ́n ṣí ní 1992 tó sì gba nǹkan bí ọgọ́rùn-ún éékà, gbogbo Èkó rí i ní oṣù Kẹta 2018 ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ibi tí à ń da ìdọ̀tí sí bá dákẹ́: iná sọ níbẹ̀, èéfín bo àdúgbò, wọ́n ní láti ti ibẹ̀ pa fúngbà díẹ̀, ọkọ̀ tó ní ìdọ̀tí nínú sì di aláìníbùdó. Bí ìjọba ìbílẹ̀ yín kò bá ní ààtàn tó dúró dáadáa, tó ní ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà nígbà òjò, ọkọ̀ tuntun ogún kò lè gbà yín.

Ọ̀rọ̀ owó oṣooṣù náà kò rọrùn bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní ìpàdé. Ẹ ká sọ pé ẹgbẹ̀rún ilé ló wà lágbègbè kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní láti san náírà 3,000 lóṣù, mílíọ̀nù mẹ́ta náírà nìyẹn lórí ìwé. Ká sọ pé mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ni epo dísẹ̀lì, owó oṣù, táyà àti gbèsè báńkì yóò jẹ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé 600 péré bá sanwó, mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin náírà ló wọlé, aládàáni sì ti wọ gbèsè. Kí ni yóò ṣe? Mo ti wà níbẹ̀, mo mọ̀: yóò bẹ̀rẹ̀ sí fo àwọn òpópónà tí kì í sanwó. Àwọn òpópónà yìí ló sì máa ń jẹ́ èyí tó há jù, tí ọkọ̀ ńlá kò lè wọ̀, tí ó kún fún ilé oníyàrá méjìlá tí ìdílé méjìlá ń gbé inú rẹ̀. Bílì ń bọ̀ lórúkọ onílé, onílé ní ayálégbé ló ń dá ìdọ̀tí sílẹ̀, ayálégbé ní owó ilé tí òun ń san ti kó gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ onílé mọ èyí jù mí lọ. Ibẹ̀ gan-an ni òkìtì ti ń bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì padà wá ba omi àti atẹ́gùn àwọn tó sanwó jẹ́. Nítorí náà, àdéhùn tó fi gbogbo owó lé orí ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan bá san, láìsí ètò fún àwọn òpópónà tí kò ní, yóò sọ ìlú di méjì láàárín ọdún kan. Èrò tèmi ni pé kí ìjọba ya owó sọ́tọ̀ fún àwọn ibẹ̀ yẹn, kí ó sì máa san án fún aládàáni lórí iye tọ́ọ̀nù tó gbé dé ààtàn tí wọ́n sì wọ̀n níbẹ̀. Yóò ná ìjọba lówó, mo mọ̀. Iṣẹ́ tí òfin sọ pé ó jẹ́ tirẹ̀ sì ni.

Ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ wa jù wà ní Èkó, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Láti 1977 ni ìpínlẹ̀ náà ti dá àjọ kan sílẹ̀ fún ìdọ̀tí, èyí tó yí orúkọ padà títí tó fi di LAWMA ní 1991. Ṣùgbọ́n ìlú ń dàgbà ju àjọ lọ, kí ọ̀rúndún tó kọjá sì tó parí, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí pe àwọn aládàáni wọlé. Nígbà tó yá, wọ́n pín ìlú sí àgbègbè àgbègbè, wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ọlọ́kọ̀ kékeré lọ́wọ́, LAWMA sì ń ṣọ́ wọn. Orúkọ ètò náà, PSP, ìyẹn ìkópa aládàáni nínú iṣẹ́ ìjọba, di orúkọ ọkọ̀: «PSP ti dé o!» ni àwọn ọmọdé ń ké bí wọ́n bá gbọ́ ìró rẹ̀. Kò mọ́ tán, LAWMA fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé ìdọ̀tí Èkó lé ní tọ́ọ̀nù 13,000 lójúmọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ Èkó ṣáájú ìgbà náà mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà. Ní 2017, lábẹ́ gómìnà Akínwùnmí Àḿbọ̀dé, ìpínlẹ̀ ṣe òfin tuntun, ó sì gbé ètò mìíràn dìde tí wọ́n pè ní Cleaner Lagos Initiative, nínú èyí tí wọ́n gba ìdọ̀tí ilé gbígbé lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré, wọ́n sì fi í lé ilé-iṣẹ́ ńlá kan lọ́wọ́. Àwọn PSP lọ sílé ẹjọ́. Ilé-iṣẹ́ tuntun kò tíì ní ọkọ̀ tó pọ̀ tó nígbà tí àwọn àtijọ́ ti kógbá wọlé. Láàárín 2017 sí 2018, òkìtì gba ojú títì kan, ìdọ̀tí wà níwájú ọjà, lábẹ́ afárá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé. Kí 2018 tó parí, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ti ní kí àwọn PSP padà sẹ́nu iṣẹ́, ìjọba tó dé lẹ́yìn náà sì dá iṣẹ́ padà sábẹ́ LAWMA.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà á sí pé ilé-iṣẹ́ ńlá kò dáa, kékeré ló dáa. Kì í ṣe bí mo ṣe kà á nìyẹn. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀, lójú tèmi, ni pé wọ́n tú ilé àtijọ́ kí tuntun tó ní òrùlé, wọ́n sì fi gbogbo ìlú sọ́wọ́ ẹyọ ẹnì kan, débi pé nígbà tí ọwọ́ ẹni yẹn kò ká a, kò sí ẹlòmíràn tí wọ́n lè ké sí lọ́jọ́ kejì. Ẹ fi í wé ọkọ̀ BRT, bọ́ọ̀sì èrò tó ní ọ̀nà tirẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 sí CMS ní oṣù Kẹta 2008. LAMATA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìrìnnà Èkó, kò lé àwọn awakọ̀ tó ti wà lójú ọ̀nà dànù, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ti inú ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW jáde ni wọ́n gbé ọkọ̀ náà fún. Àwọn tó lè ba ètò náà jẹ́ ló di ẹni tó ń jẹ nínú rẹ̀. Ó ní ìṣòro tirẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la, ọkọ̀ gbó, àwọn mìíràn gbà á, ṣùgbọ́n ó dìde dúró lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nínú ìlú tiyín, ó dá mi lójú pé àwọn ọlọ́mọlanke wà tó ń kó ìdọ̀tí ojúlé sí ojúlé. Bí àdéhùn yìí bá sọ wọ́n di arúfin lọ́jọ́ kan ṣoṣo, òru ni wọn yóò máa kó o, inú odò ni wọn yóò sì máa dà á sí. Bí wọ́n bá sọ wọ́n di ẹni tó ń gbé ìdọ̀tí láti òpópónà tóóró wá sí ibi tí ọkọ̀ lè dúró, tí aládàáni ń san owó fún wọn níbẹ̀, wàhálà òpópónà tó há ti dínkù.

Kí ẹ má baà rò pé Nàìjíríà nìkan ló ń rí irú èyí, ẹ gbọ́ ti Dar es Salaam ní Tànsáníà. Ní 2003, wọ́n gbé omi ìlú náà lé ilé-iṣẹ́ kan tó ní àwọn òkèèrè nínú lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́wàá, bíi tiyín gẹ́lẹ́. Ní oṣù Karùn-ún 2005, ìjọba fagi lé e. Ìjọba ní owó tí wọ́n ń gbà kò tó, wọn kò san ohun tó yẹ. Ilé-iṣẹ́ náà ní ìṣirò tí wọ́n fún àwọn kí àwọn tó gba iṣẹ́ kò péye. Ẹjọ́ náà dé iwájú àwọn adájọ́ àgbáyé, tí wọ́n sọ ní 2008 pé ìjọba ṣẹ̀ sí àdéhùn ìdókòwò tó wà láàárín orílẹ̀-èdè méjì, ṣùgbọ́n wọn kò dá owó kankan fún ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ fojú inú wo iye owó agbẹjọ́rò tó lọ síbẹ̀, nígbà tí omi kò tíì dé ẹnu ẹ̀rọ. Ní Senegal, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà ní 1996. Ilé-iṣẹ́ ìjọba, SONES, ló ni páìpù, òun ló sì ń wá owó ńlá fún kíkọ́ tuntun. Aládàáni, SDE, ló ń fa omi, tó ń tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, tó ń gba owó. Èrè aládàáni so mọ́ omi tó tà tó sì gba owó rẹ̀, àti bí ó ṣe dín èyí tó ń jò dànù kù. Ètò yẹn lo ohun tó lé lógún ọdún kí ilé-iṣẹ́ mìíràn tó gba iṣẹ́ náà ní 2020. Ìyàtọ̀ tí mo rí láàárín méjèèjì ni pé ní Senegal, olúkúlùkù ló mọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀ láti pàdánù, ìṣirò ìbẹ̀rẹ̀ sì ṣeé gbé ara lé. Ní ìlú yín, ṣé ìjọba ìbílẹ̀ ti ka iye ilé? Ṣé wọ́n ti wọn ìdọ̀tí ọ̀sẹ̀ kan rí? Bí wọn kò bá tíì ṣe é, iye tí wọ́n ní kí ilé kọ̀ọ̀kan san, àfẹnusọ lásán ni.

Ọdún mẹ́wàá jẹ́ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rò dáadáa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2023, nǹkan bíi náírà 460 ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan ní owó ìjọba. Kò pé ọdún kan tó fi kọjá náírà 1,400. Ọkọ̀ ìdọ̀tí àti ẹ̀yà ara rẹ̀, òkè òkun ni wọ́n ti ń wá. Aládàáni tó fọwọ́ sí náírà kan náà fún ọdún mẹ́wàá yóò sá lọ tàbí kó máa fi ọkọ̀ tó ti kú ṣiṣẹ́, aráàlú tó sì gbà pé kí aládàáni máa gbé owó sókè bó ṣe wù ú ti kó sí páńpẹ́. Ó yẹ kí ìwé náà sọ ìgbà tí owó lè yí padà, ohun tí wọn yóò fi wọ̀n ọ́n, bí iye owó dísẹ̀lì, àti ẹni tí yóò jókòó sí i kí ó tó yí. Kí ẹgbẹ́ onílé sì ní àga níbẹ̀. Ní Cochabamba, ní orílẹ̀-èdè Bòlífíà, owó omi tí wọ́n gbé sókè lójijì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 ló dá ìjà ìgboro sílẹ̀, títí wọ́n fi fagi lé àdéhùn náà ní oṣù Kẹrin ọdún kan náà.

Ta ni yóò máa ṣọ́ iṣẹ́ náà? Àwọn bàbá wa mọ wolé-wolé, tó ń yẹ àmù omi àti ẹ̀yìnkùlé wò, tí ìyá àgbà ń sáré gbálẹ̀ bí ó bá gbọ́ pé ó ti wọ àdúgbò. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni àjọṣepọ̀ nílò, kí ó sì kọjú sí aládàáni fúnra rẹ̀. Ìjọba tí kò lè ṣọ́ òṣìṣẹ́ tirẹ̀ kì í ṣàdédé mọ bí a ti ń ṣọ́ káńtírákítọ̀, èyí sì ni ìdí tí n kì í bá àwọn tó rò pé aládàáni ni oògùn ìjọba tí kò ṣiṣẹ́ gbà. Ó yẹ kí òṣìṣẹ́ kan wà, tí a mọ orúkọ rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa yẹ òpópónà wò, kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ̀ dé tàbí kò dé. Bí owó oṣù ẹni yẹn bá ti ọwọ́ aládàáni wá, ẹ kà á sí pé kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Lórí ti àbẹ̀tẹ́lẹ̀, n kò ní fi bò yín lójú: iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ẹnì kan láìsí pé àwọn mìíràn dupò rẹ̀ ní gbangba ni ibi tí mo ti rí i jù. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n polówó iṣẹ́ náà àti iye àwọn tó dupò. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀wé béèrè, ó sì fún wọn ní ọjọ́ méje láti fèsì. Ilé ẹjọ́ tó ga jù sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2025 pé òfin náà de ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe ti àpapọ̀ nìkan.

Ẹ̀yin yóò fẹ́ mọ ohun tí èmi ì bá ṣe. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ bó ṣe wà, òkìtì yóò máa ga, àìsàn yóò sì wá lẹ́yìn rẹ̀; n kò lè gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kọ̀ pátápátá. Bí ẹ bá sì gba ilé-iṣẹ́ kan fún ọdún mẹ́wàá fún gbogbo ìlú, ẹ ti fi gbogbo ẹyin sínú agbọ̀n ẹni tí ẹ kò tíì rí iṣẹ́ rẹ̀. Èmi ì bá ní kí wọ́n pín ìlú sí àgbègbè mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ilé-iṣẹ́ tó ju ẹyọ kan gbà á, kí ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ ìdánwò, kí ọdún tó kù máa tẹ̀lé e bí iṣẹ́ bá dára. Yóò lọ́ra díẹ̀. Ọlọ́kọ̀ kékeré kì í sì rí owó báńkì yá bí ilé-iṣẹ́ ńlá, nítorí náà ọkọ̀ wọn lè má dán. Bí àgbègbè kan bá kùnà nínú mẹ́rin, mẹ́ta ṣì wà. Ṣùgbọ́n ẹ kò fi ìwé àdéhùn náà ránṣẹ́ sí mi, n kò sì lè sọ bóyá ó dára tàbí kò dára láìrí i. N kì í sì í ṣe agbẹjọ́rò. Ẹ wá ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kí ọmọ àdúgbò yín kan wà tó lè ràn yín lọ́wọ́ láìgba owó ńlá.

Ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé ìtẹ́wọ́gbà kankan títí ẹ ó fi rí ojúewé mẹ́ta: èyí tó sọ bí owó yóò ṣe máa yí padà, èyí tó to iṣẹ́ ìjọba fúnra rẹ̀ sílẹ̀, ààtàn àti ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú, àti èyí tó sọ bí àdéhùn ṣe lè parí kí ọdún rẹ̀ tó pé, ta ni yóò san kí ni fún ta. Bí wọ́n bá ní ìwé àṣírí ni, ẹ kọ lẹ́tà, kí alága ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin akọ̀wé fọwọ́ sí i, kí ẹ gba òǹtẹ̀ ọ́fíìsì sórí ẹ̀dà tiyín, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí ka ọjọ́ méje láti ọjọ́ tí òǹtẹ̀ náà wà. Bí wọ́n bá fún yín, ẹ ya àwòrán ojúewé wọ̀nyẹn, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, n ó kà á kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé. Ojúewé ìparí àdéhùn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́.